Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta, Fíìmù Kan, Kò Sí Adébánjọ

Ilé Ọlápàdé,
Ìrágbìjí.
14 Oṣù Kẹwàá, 1989.

Mosúnmọ́lá, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Port Harcourt níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé òjò ìlú yẹn sì ti ń jẹ́ kí ẹ rí aṣọ sá? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní rí ọ kí inú wọn bàjẹ́. Àwa náà wà níbí, ara le, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní ẹja gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ dùn, ó sì ti rí i dájú pé gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọmọ òun ń gbé létí omi. Iṣu tuntun ti ń wọlé láti oko. Orógún ìyá rẹ àgbà ti gbádùn, ó tiẹ̀ ti ń bá èèyàn jà. Ibi tí ìkíni parí sí nìyí, nítorí pé inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí inú náà rọ̀ kí n tó kọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni. Láti oṣù kẹfà tí o ti ń fi wọ́n ránṣẹ́, ó di mẹ́ta, fíìmù kan ṣoṣo sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ wọn ò bá ara wọn mu níbì kankan. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fíìmù a máa bí ìbejì, a sì máa bí Ìdòwú lé e. Mo fẹ́ kí o jókòó, kí o gbọ́ gbogbo ohun tí ojú mi rí, kí o tó mọ ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Bí o bá sì kà á tán, kí o mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dagogo onífídíò ní Mgbuoba, kí o ka èyí tó bá kàn án sí i létí.

O mọ ìtàn náà, àmọ́ Dagogo kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1944, nígbà ogun Bọ́mà, a wà ní bárékè kan ní Íńdíà, àwọn òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ wá láti ya fíìmù àwàdà tí wọn yóò fi dá àwọn ṣọ́jà lára yá. Òyìnbó sànràkàtà kan ló ṣe sájẹ́ǹtì, ó ń wọ aṣọ ṣọ́jà fún ewúrẹ́ kan kí ọ̀gá rẹ̀ má baà mọ̀ pé ewúrẹ́ ni. Èmi àti Adébánjọ ọ̀rẹ́ mi, ilé ìdáná ni wọ́n fi wá sí. Wọ́n ní kí a gbé ìkòkò ọbẹ̀ ńlá kan kọjá lẹ́yìn sájẹ́ǹtì, èmi di etí kan mú, Adébánjọ di ìkejì mú, a gbé e kọjá, ewúrẹ́ náà fi ìwo kan òyìnbó náà, ó sì ṣubú sínú ọbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Adébánjọ kú, ọ̀hún náà ni wọ́n sin ín sí.

Kò ya fọ́tò rí kó tó lọ. Àdíját, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sógun, ó sì sọ fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn pé òun kò rántí ojú rẹ̀ mọ́. Ó ní bí òun bá pa ojú dé láti wá a, ojú tèmi ni òun ń rí, torí èmi ni mo padà wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ní báyìí, ojú òun fúnra rẹ̀ ti ń lọ, dókítà ojú ní ọdún tuntun lè má bá ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé pé o rí fíìmù náà nínú ṣọ́ọ̀bù, n kò tiẹ̀ wọ bàtà tí mo fi lọ sọ́dọ̀ Àdíját. Mo ní yóò rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó lọ. Mo ti ṣèlérí, kò sì sí bí mo ṣe lè kó o jẹ.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé, a kó ara wa lọ sí pálọ̀ Kàmọ́rù, òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n àti fídíò àti jẹnẹrétọ̀ ní ìsàlẹ̀ ibí yìí, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Sáúdí ló kó wọn ránṣẹ́. Òfin Kàmọ́rù pọ̀ ju ti bárékè lọ. A ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà, a ò gbọ́dọ̀ fara ti àga, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó ní wáyà. Àdíját jókòó síwájú, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Sájẹ́ǹtì jáde, ewúrẹ́ jáde, mo ní kí gbogbo ilé dákẹ́, pé àwa ló kàn. Ohun tí a rí ni sájẹ́ǹtì tó ń nu ọbẹ̀ kúrò lórí. Ta ló da ọbẹ̀ sí i lórí? Ibo ni ìkòkò wà? Mo ní bóyá ṣe ni gbogbo wa ṣẹ́jú pọ̀, kí Kàmọ́rù dá a padà. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣì ń nu ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún un.

Ìgbà tí a ka páálí rẹ̀ ni a rí i pé ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́rin ni wọ́n kọ sí i, ìwọ sì kọ̀wé pé Dagogo ní òmíràn wà tó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló fi dín, Mosúnmọ́lá. Níbo ló kó o sí? Alápatà tó bá gé ẹran fún èèyàn, tó bá tiẹ̀ yọ ọ̀rá, a fi eegun dí i. Mo kọ̀wé pé kí o gba èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, kí o dì í sínú ọ̀rá kí òjò má pa á, o fèsì pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti gé e. Ó dáa. Nígbà tí mo wá kí ọ lọ́dún tó kọjá, tí ọkọ̀ wa dúró ní Isiokpo títí tí gbogbo èrò fi ra gàárì tán, tí mo sì dé ọ̀dọ̀ rẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, Dagogo yìí náà ló ń pè mí ní Papa, tó ń ní no wahala, no wahala. Kó wá wo wàhálà níbí.

Èkejì dé, èyí tí wọ́n kùn. Ìwọ ní àwọn òyìnbó ti rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kun fíìmù àtijọ́ tó jẹ́ dúdú àti funfun, mo sì ní ìyẹn dára, yóò rọrùn fún ojú Àdíját. Wọ́n kun ewúrẹ́ náà ní pupa. Funfun ni ewúrẹ́ yẹn, èmi ni mo ń fún un lóúnjẹ, mo sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kùn ún lọ. Wọ́n kun aṣọ mi ní àwọ̀ ewé bí ẹni tó ń lọ sí ayẹyẹ iléèwé. Mo gbé e mì, torí mo jáde. Èmi ni, ọmọ mi, pẹ̀lú irun lórí. Ìyá rẹ wò mí, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí ló dé tí kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló wá fẹ́ òun.

Àmọ́ ìlàjì ìkòkò ni mo gbé jáde. Etí tèmi wà níbẹ̀, etí kejì kò sí, ibi tí ara ìkòkò ti yípo báyìí ni gíláàsì tán sí. Ìkòkò ọbẹ̀ ogójì ṣọ́jà kì í dá fò. Ó dá mi lójú pé Adébánjọ wà níbẹ̀, lẹ́yìn pákó ara tẹlifíṣọ̀n Kàmọ́rù, torí pákó yẹn nípọn. Mo dìde, mo lọ yọjú láti ẹ̀gbẹ́, n kò rí nǹkan. Ní ọjọ́ kejì, Kàmọ́rù lọ kírun Jímọ̀, mo yá irin tí wọ́n fi ń tú ìdè lọ́wọ́ Bọ́lárìnwá káfíńtà, mo sì tú pákó ẹ̀gbẹ́ yẹn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Eruku ni mo bá, àti aáyán méjì. Ibi tí mo ti ń wo inú rẹ̀ ni Kàmọ́rù wọlé, pákó wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, àkùkọ ìyá rẹ la fi bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni o wá kọ̀wé pé Dagogo ní àwọn tó kùn ún ló fẹ ojú rẹ̀ tóbi, tí etí rẹ̀ fi dànù sí ìta. Ẹni tí wọ́n ní kó kun ilé, ó wá wó yàrá kan dànù. Kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gba owó. Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ tí a wò ó, Àdíját ń bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n òun ti jáde, òkùnkùn ti ń bo ojú rẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní ó ti jáde. Ó ní kí ló ń ṣe? Mo ní ó di etí ìkòkò kejì mú. Ó mi orí. Mosúnmọ́lá, àgbàlagbà ni mí, mo jókòó sí pálọ̀ olónílé, mo sì parọ́ fún afọ́jú.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìwọ fúnra rẹ gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n ìlú yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Mo dúpẹ́ pé o jókòó tì í, mo sì dúpẹ́ pé iná ò lọ. Fíìmù náà pé, wọn ò kùn ún, etí rẹ̀ kò sì dànù. Bí ó ti ń dùn mọ́ni ni ìpolówó ọjà já a, obìnrin kan yọ, tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní mílíìkì, Àdíját bèèrè bóyá wọ́n mú obìnrin lọ sí Bọ́mà ni. A ní kó fara balẹ̀. Sájẹ́ǹtì jáde. Ewúrẹ́ funfun mi jáde. Mo rí etí ìkòkò méjèèjì pẹ̀lú ojú mi, mo sì dìde dúró. Ìgbà náà gan-an ni àwọn onítẹlifíṣọ̀n yín gbé ìkéde òkú lé e.

Ìyá àgbà kan ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ, wọ́n sì to orúkọ gbogbo wọn síbẹ̀, ìlàjì gíláàsì ni ó gbà, láti ọrùn ìkòkò títí dé fìlà wa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni a rí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n ó ti gbé ayé tó, kí ló ń wá lójú ọmọkùnrin tí kò pé ọdún mẹ́tàlélógún? Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn ni pé kí n kọ̀wé sí ọ láti lọ bá ẹbí olóògbé náà, kí o kí wọn dáadáa, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ìkéde wọn wálẹ̀ díẹ̀.

Orí ìrònú yẹn ni mo wà tí sájẹ́ǹtì fi ṣubú sínú ọbẹ̀, ẹnìkan sì bú sẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ìkéde òkú. Ẹ̀rín náà ga, ó ń já lójijì, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí omi há lọ́fun. Èmi ti gbàgbé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má dún pínkín, Adébánjọ ni kò lè mú un mọ́ra, wọ́n sì bú u lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ó jalè. N kò mọ̀ pé wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Àdíját ti dorí kodò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ kọjú sí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Ó gbé orí sókè. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ní ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn. Ó ní bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn bí ó bá gbé òun sọ́rùn, tí òun ń fa etí rẹ̀, pé òun kò mọ̀ pé òun ṣì mọ̀ ọ́n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀, ìyá rẹ náà ń sunkún. Kàmọ́rù tó ní òfin dìde fúnra rẹ̀, ó dá a padà láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́, ó tún dá a padà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí jẹnẹrétọ̀ fi jẹ epo tán. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ tí a bá kírun ìrọ̀lẹ́ tán ni wọ́n ń fà á lọ́wọ́ wá. Ó ní kí n má dààmú nípa ojú mọ́.

Nítorí náà, má fi ẹ̀kẹrin ránṣẹ́. Owó rẹ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí wa fún pẹtiróòlù, torí Kàmọ́rù kò bèèrè, ojú sì ń tì mí. Sọ fún Dagogo pé inú ṣì ń bí mi sí i lórí méjì àkọ́kọ́.

Ohun kan ló kù, má sì jẹ́ kí Àdíját gbọ́ bí o bá wálé. Kàmọ́rù ní tí a bá ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ojú kan náà ṣáá, ojú ibẹ̀ yóò máa gbó bí ìdí ṣòkòtò. Jọ̀wọ́ bi Dagogo, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ̀rín kan lè jáde kó tó tán? Bí ó bá ní iye, kọ ọ́ sí mi kíákíá, kí n lè máa ṣọ́ ọ lò fún un, kí ó lè bá a dé òpin ayé rẹ̀.

Ìwọ náà, tètè máa wálé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ wá ohùn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyanjú Ọlápàdé.