Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àkàbà

                                                            Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                            Òpópónà Ilé-Ìwé Àtijọ́.
                                                            Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ìkejì mi,

Báwo ni ara? Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ tó máa ń han ọ́ léèmọ̀ nígbà òtútù ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan lo ti ń rí wọn? Mo kí ọ kú ìdáwà, mo kí ọ kú àìrójú ara ẹni, mo sì tún kí ọ kú ìrọ́jú láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti fi wá sílẹ̀. Èmi náà wà ńbẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹnu ò dùn mí, nítorí náà mo ṣì lè rojọ́.

Má bínú pé ó pẹ́ kí o tó gbúròó mi. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé wa, kò sì ṣeé sọ lórí fóònù, torí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà nítòsí, etí wọn sì ti mú ju ti ológbò lọ láti ìgbà tí ojú ti ń ṣe wọ́n bákan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, akunlé, ni mò ń sọ. O rántí wọn dáadáa. Àwọn ni wọ́n kun yàrá tí èmi àti ìwọ jọ gbé nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, tí wọ́n ní àwọ̀ ewé ló ń mú kí ọmọbìnrin kàwé.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, jẹ́ kí n sọ bí ibi iṣẹ́ ṣe rí báyìí. Wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wa, tí a máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ nígbà tí bẹ́ẹ̀dì bá tán, wọ́n ti fi pátákó pín in sí méjì. Apá kan ṣì jẹ́ tiwa. Apá kejì ni wọ́n kó àwọn bàbá arúgbó sí, torí wọ́ọ̀dù tiwọn ti kún àkúnya. A lè wà níbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí a má gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Jẹ́lé-ó-sinmi tó kọjú sí ilé mi ti ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn tí ì bá bí ọmọ tí yóò lọ síbẹ̀ ti wáṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí o bá rìn ní òpópónà wa láàárọ̀, ìró ọ̀pá ìtilẹ̀ ni o máa gbọ́, kò, kò, kò. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ òkété bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì sétí rárá. Bí mo bá dá a sílẹ̀, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń fẹ̀yìn tì, pé akunlé kì í fẹ̀yìn ti nǹkan kan àfi ògiri, ọ̀dà ara ògiri náà sì gbọ́dọ̀ ti gbẹ. A máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, tí àwọn ọmọ wọn méjèèjì ń gbé òkèèrè, iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n ń jí bá. Àárọ̀ kan kì í mọ́ kí wọ́n má gbé àkàbà lé èjìká.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ o. Òun náà ti di ọ̀gá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ló ń rọbí. Ó ní rárá.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́. Ọ̀gá ò ríran dáadáa mọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi, gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Ó ti lé lọ́dún kan tí Ẹ̀gbọ́n ti ń kun ògiri tí wọ́n ń fo ibì kan, tí ibòmíràn á sì nípọn bí ẹrẹ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn ò fẹ́ tàbùkù àgbà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni wọ́n ń sá lọ. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti parí tí wọ́n lọ sílé, òun á wọlé lẹ́yìn wọn, á tún gbogbo rẹ̀ kùn. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n á dé, wọ́n á dúró láàárín yàrá, wọ́n á ní, “Ẹ wò ó, ọwọ́ àgbà!” Onílé á sì máa dúpẹ́. Ó ní òun ì bá máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn ni wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Àmọ́ lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn, lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sókè, Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ síbi tí pákó ti tán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé òun yà síbẹ̀ láti wò wọ́n, bẹ́líìtì wọn ni òun rí gbá mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní pákó ló yẹ̀.

“Ìyá, pákó ò yẹ̀.”

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Èmi tí mo ti ń jágbe mọ́ aboyún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àyà mi ń já láti sọ gbólóhùn kan fún ọkùnrin kan ṣoṣo. Bí mo bá dákẹ́, ọjọ́ kan ni àwọn èèyàn máa gbé wọn wá fún mi lórí pákó náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo gba ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Mo lọ bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú garawa. Mo kúnlẹ̀; wọ́n ní kí ni mo tún bàjẹ́. Mo sọ ọ́. Mi ò dárúkọ ẹni tó sọ fún mi, àmọ́ ta ni kò mọ̀? Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, èyí gan-an ló sì bà mí lẹ́rù, torí Ẹ̀gbọ́n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tán. Wọ́n wá ní, “Àṣé ẹ ti ń ṣọ̀fọ̀ mi tipẹ́. Òkú nìkan lẹ ń dúró dè.” Wọ́n ní kí n máa lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kanlẹ̀kùn, wọn kì í ṣí i. Mo ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń bá abọ́ náà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e sí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí òjò kan tó rọ̀, òjò ńlá. Mo ṣílẹ̀kùn, àwọn ni mo bá ní ìdúró, omi ń kán láti orí fìlà wọn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn ni àwọn ti ń bọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ wo ògiri náà, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí apá wọn ká. Olóògùn rí wọn, ó gba ẹ̀yìn jáde.

“Kì í ṣe ọwọ́ mi,” ni wọ́n wí. “Apá òsì ni ipa búrọ́ọ̀ṣì tèmi ti máa ń wá. Apá ọ̀tún ni ti ọmọ yẹn. Mo sọ ọ́ títí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kò gbọ́.”

Òjò ń lu páànù.

“Ó kùn ún dáadáa,” ni wọ́n wá sọ. “Kò sí ibi tó fò.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n sunkún. Mi ò rí i kí ẹ̀gbọ́n mi sunkún rí, títí kan ọjọ́ tí a sin ìyàwó wọn. Mi ò ní kí wọ́n dákẹ́. Mo jókòó tì wọ́n, bí èmi àti ìwọ ṣe máa ń jókòó ti ẹni tó ń rọbí, nígbà tí kò sí ohun tí èèyàn lè bá a ṣe ju pé kó má dá wà lọ.

Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó ní ojú kan ti lọ. Àrùn kan ti ń jí i kó díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kì í dunni, kì í pariwo. Ká ní a tètè wá ni. Èkejì, awọ ló bò ó, òun ṣì ṣeé ṣí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n sì gbé wọn sí apá àwọn bàbá arúgbó, lẹ́yìn pátákó wa gan-an.

Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí wọ́n débẹ̀ nígbà tí obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ìrora. Ọmọ náà wálẹ̀, kò ké. O mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń sọ. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo fi aṣọ ra á lẹ́yìn, mo tún ra á. Lẹ́yìn tí ọkàn mi ti fò lọ tán ló figbe ta, igbe tó la pátákó já. Ni mo bá gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí lọ́dọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyẹn: bẹ́ẹ̀dì ń dún, sálúbàtà ń wọ́ nílẹ̀. Mo yọjú. Àwọn tó lè dìde ti dìde. Bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wá, àwọn ló ń béèrè pé, “Kí ló bí? Kí ló bí?” Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì wà lójú wọn, wọ́n ní kí n gbé ọmọ náà wá. Òfin wọ́ọ̀dù ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fọ ọwọ́ wọn, wọ́n wá fi ìka kan kàn án níwájú orí.

“Ó dán,” ni wọ́n wí. “Kò fẹ́ àtúnkùn.”

Gbogbo àwọn bàbá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sá lọ sẹ́yìn pátákó lọ nu ojú mi.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí, ì bá dùn. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ọ̀dọ̀ mi báyìí, ní yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n ń ríran díẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní mo ti darúgbó, pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn. Àmọ́ àárọ̀ ló le. Wọ́n á jí, wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ wá dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa jókòó níbi tí òun àti àwọn èèyàn òun ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò lọ mọ́. Mo béèrè ìdí. Wọ́n ní, “Bàbá ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Ọ̀gá.” Ó wá ku bàbá awakọ̀ ọjọ́sí, tí ilé wọn ò jìnnà sí wa. Àwọn méjèèjì ti ń bẹ ara wọn wò, wọ́n ń jiyàn lórí ohun gbogbo. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jiyàn dáadáa, Ẹ̀gbọ́n á jẹun. Lọ́jọ́ mìíràn, wọn kì í jáde ní yàrá rárá.

Èmi àti ìwọ ló kàn, ọ̀rẹ́ mi. Lọ́dún tó ń bọ̀ ni tèmi, tìrẹ sì ń tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìpàdé tí wọ́n ń pè wá sí nítorí ìfẹ̀yìntì, owó ni wọ́n ń sọ, owó ni àwa náà ń béèrè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí rí pé kí ni màá máa jí bá, tàbí ta ni yóò mọ̀ lọ́jọ́ tí mi ò bá jí. Mo ti bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n dín ọjọ́ iṣẹ́ mi kù láti ìsinsìnyí, kó má jẹ́ pé ìdádúró òjijì ló máa ṣe mí. Ọjọ́ tí mi ò bá lọ, mò ń kanlẹ̀kùn kiri òpópónà wa, mò ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, mò ń béèrè nípa ojú. Àwọn kan ń lé mi. Mo ń padà lọ. Mo sì ti sọ fún ọmọ mi obìnrin pé mi ò ní wá gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbi tí mi ò ti mọ ẹnì kan. Ó sunkún, ó tún fara mọ́ ọn.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé gan-an nìyí. Yàrá òkè ilé mi ṣófo. Mi ò ní kí o wá ṣe àlejò, mo ní kí o wá gbé. Mo mọ̀ pé o máa ní ilé ọkọ rẹ ńkọ́, pé ibojì wọn ńkọ́. Rò ó dáadáa, má kánjú, ṣùgbọ́n má sì pẹ́ jù. Ó wù mí kí o wá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ ṣì lè gun àtẹ̀gùn wa, nígbà tí èmi náà ṣì lè bá ọ gbé àpótí rẹ sókè. Bí o bá ń bọ̀, mú ṣálì tó nípọn dání. Fèrèsé yàrá náà kì í tì dáadáa, a ò sì tíì rí ẹni tó máa bá wa tún un ṣe.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, kí wọ́n máa lo oògùn wọn. Bá mi kí aládùúgbò rẹ tó máa ń bá ọ jà nítorí adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ṣì ń fi ìkánjú rìn. Kí Ọlọ́run fi alẹ́ tó sàn ju àárọ̀ lọ jíǹkí wa.

                                                            Èmi ni, tìrẹ láti ìgbà èwe,
                                                            Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀.