Kámẹ́rà Mẹ́jọ àti Ọmọ Ìyá Méjì

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Linden,
                                        Viroqua, Wisconsin.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Solveig tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn? Lyle ọkọ yín ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n yé jókòó pẹja lórí adágún, torí yìnyín oṣù Kẹta kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ara lé. Ara tèmi le. Òjò dídì ti ń yọ́ níhìn-ín, gbogbo òrùlé ló ń kán tó, tó, tó, bíi pé ilé ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ẹ kọ̀wé pé ẹnì kan sọ fún yín pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí ni kí n máa jókòó wo tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Orrin Halvorsen, tí èmi àti ẹ̀ jọ jókòó ní kíláàsì kan náà, ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Oko òdòdó méjì ni ìdílé wọn ní. Orrin ń bójú tó ti Viroqua níbí. Verlyn àbúrò rẹ̀ ń bójú tó ti Decorah, ní òdìkejì odò Misisípì. Ìyá wọn, Màmá Borghild, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ló ni méjèèjì. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Verlyn wó ilé onígíláàsì tó ń dáàbò bo òdòdó lọ́wọ́ òtútù ní Decorah, èyí tí bàbá náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kò sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá, olè wá tú páìpù bàbà lọ ní oko méjèèjì. Màmá ní káwọn ra ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Orrin ní kí wọ́n ra méjì, kí oko kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Màmá ní, “Ẹyọ kan ni mo máa rà. Ṣé ọmú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fún yín mu ni?” Bí wọ́n ṣe so kámẹ́rà mẹ́rin síbí nìyẹn, mẹ́rin sí Decorah, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń gbé gbogbo àwòrán náà wá sínú àpótí dúdú kan lábẹ́ tábìlì mi.

Ká ní ẹ lè rí i! Ojú fèrèsé mẹ́jọ ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sì sí ohùn nínú ọ̀kankan. Ìrì á bo gíláàsì, èèyàn á yọ láàárín òdòdó, á tún wọ inú ìkùukùu lọ bí ẹja tó rì padà sísàlẹ̀ omi. Ọ̀nà Decorah ju wákàtí kan lọ, síbẹ̀ mo máa ń rí ológbò Verlyn tó ń yán. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá èmi ni mò ń wò wọ́n, tàbí àlá wọn ni mò ń bá wọn lá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Orrin kì í bojú wo apá ibẹ̀. Á ní, “Karna, tiwa ni kó o fi hàn mí. Má fi ojú ọkùnrin yẹn ba kọfí mi jẹ́.” Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró sẹ́yìn àga mi. “Ẹ wo ọ̀lẹ! Ọ̀sán gangan ló ń bomi rin òdòdó! Ta ló kọ́ ọ níyẹn?” Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ síwájú sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, “Ó ti rù.” Wọ́n ní okùn ọmọ ìyá yi, mo ń fojú ara mi rí bó ṣe ń fà á.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òtútù padà wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ọ̀sán ni, àwọn òṣìṣẹ́ Decorah ti lọ jẹun. Verlyn nìkan ló ń tún irúgbìn tòmátì tí wọ́n máa ń tà gbìn nínú ilé onígíláàsì tuntun tó kọ́. Mo rí i tó jókòó lórí àpò iyẹ̀pẹ̀, tó gbé orí lé ọwọ́. Mo rò pé ó ń ronú ni.

Orrin ló kígbe lẹ́yìn mi. “Kì í jókòó! Karna, Verlyn kì í jókòó lẹ́nu iṣẹ́ láti kékeré!”

Ó fa fóònù yọ. Ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi, kò wo ìwé kankan kó tó tẹ nọ́ńbà náà. A rí fóònù Verlyn tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbé e. Ó rọra ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́, láìsí ariwo kankan.

Mo pe panápaná Decorah. Obìnrin tó gbé fóònù ní, “Ṣé ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀?” Mo ní, “Rárá o, Wisconsin ni mo wà, mò ń wò ó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!” Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló ti ń tú èéfín olóró tí kò lóòórùn jáde. Wọ́n gbé Verlyn síta, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tí mo yíjú láti sọ fún Orrin pé ó ń mí, àga òfìfo ni mo bá. Ó ti wa ọkọ̀ lọ.

Nígbà tó tún yọ sí mi, ojú fèrèsé Decorah ló ti yọ. Mo pè é. “Orrin, ọsibítù ńkọ́?”

Ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti lajú. Irúgbìn ni òtútù fẹ́ pa. Tó bá bọ̀ tó bá gbogbo rẹ̀ ní kíkú, kí ni mo fẹ́ wí fún un?” Títí oòrùn fi wọ̀, mo ń wò ó tó ń gbé àwo irúgbìn káàkiri, ó ń fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni ń bo ọmọ jòjòló.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Borghild wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí a rí Verlyn lórí kọ̀ǹpútà, tó wọlé bá Orrin ní Decorah. Tábìlì tòmátì wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí ẹnu fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tí wọ́n ń ju ọwọ́ sókè.

Màmá ní, “Kí ni wọ́n ń sọ?”

“Mi ò mọ̀, Màmá. Kò lóhùn.”

“Ṣé wọ́n ń jà ni?”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà.”

Màmá fẹ̀yìn ti àga, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọpẹ́ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń retí ìjà yìí.”

Bí a ti ń wò wọ́n, Orrin gbójú sókè, ó wò wá tààrà. Ó gun orí àpótí kan, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì fi kọ́ ojú kámẹ́rà. Fèrèsé náà ṣókùnkùn. Ní àwọn méje tó kù, yìnyín ń yọ́ lórí gíláàsì, ológbò ń sùn. Màmá di ọwọ́ mi mú. Èmi àti wọn jókòó síwájú òkùnkùn kékeré yẹn fún bíi ogójì ìṣẹ́jú, kò sì sí èyí tó fẹ́ kó mọ́lẹ̀ kíákíá nínú wa.

Ẹ bá mi kí Lyle, kí ẹ sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n rí yín, ẹ̀gbọ́n mi. Kí yìnyín ojú ọ̀nà yọ́ tán ni mò ń dúró dè.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbàgbé yín,
Karna Tollefsrud.