Ọwọ́ Tí Mo Nà sí Bàbá Sìdí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìkórè iṣu, ẹ kú ọyẹ́ tó ti ń wọlé bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà yìí, mo kí yín. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ bá ka gbólóhùn yẹn dé lẹ máa ti yọ awò ojú yín, tí ẹ máa ní irọ́ ni, pé ọmọ tí kò lè dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo ayé, ṣé inú lẹ́tà ló ti wá fẹ́ máa dọ̀bálẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa ìwé ìròyìn náà dé.

Màmá mi, Ìyá Ràfíù, mo kí yín o. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ràfíù, mo kí yín, ẹ kú wàhálà mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbàkigbà tí ẹ bá gbé fóònù fún Bàbá pé èmi ni mò ń pè, wọ́n á ní àwọn ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Bùrọ̀dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rèé. Kò sí irú àlùwàlá bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé ìròyìn tí Bàbá máa ń rà lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn, torí mo mọ̀ pé wọn kì í fi ojú ewé kankan sílẹ̀ láìkà, títí kan ibi tí wọ́n ti ń polówó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó máa bá yín kà á kò mọ̀ mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, tẹ́nìsì ni mò ń gbá jẹun. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní ilẹ̀ òtútù yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí wọn ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n rán mi nílé ìwé, wọ́n fún mi níṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá di ọmọ ìlú àwọn, kí n lè bá wọn gbá nínú ìdíje tí àwọn ọkùnrin orílẹ̀-èdè kan fi máa ń kojú ti òmíràn lọ́dọọdún. Òfin wọn ni pé èèyàn ò lè jẹ́ ọmọ ibòmíràn mọ́ ti àwọn. Mo dá ìwé ìrìnnà Nàìjíríà padà. Mo sọ fún yín nígbà náà, Bàbá, ẹ sì ní tó bá jẹ́ pé torí iṣẹ́ ni, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé nínú ìdíje yìí, ẹni tó bá ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè kan, ì báà má tíì gbá, kò lè wọ ti òmíràn mọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ mi lẹ́yìn, èmi sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ayàwòrán.

Ẹ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé ọmọ yín ń gbá tẹ́nìsì fún odindi orílẹ̀-èdè. Bàbá, jíjókòó ni mò ń jókòó. Àwa márùn-ún la wà nínú ẹgbẹ́, èmi ni ìkarùn-ún. Ní oṣù kejì tí ìdíje ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, a lọ bá àwọn kan nílẹ̀ wọn. Ọlọ́wọ́ òsì ni ògbóǹtarìgì wọn, nítorí náà iṣẹ́ mi ni kí n máa fi òsì gbá bọ́ọ̀lù sí àwọn ẹgbẹ́ mi láàárọ̀, kí ojú wọn lè mọ́ ọn. Òsì tí ẹ nà mí títí kí n fi sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, òun ni wọ́n ń sanwó fún níbí. Tí eré gan-an bá wá bẹ̀rẹ̀, màá gbé omi, màá gbé aṣọ ìnura, màá pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi pàtẹ́wọ́.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bùrọ̀dá nígbà kan rí bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbí. Lásìkò yìí, Alásàrì àti Mọ̀gàríbì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Abẹ́ òrùlé ọ̀rá kan tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí la ti ń gbá a láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí mo bá sì jáde, yìnyín ni. Kò sẹ́ni tí mò ń bá sọ Yorùbá àfi ara mi nígbà tí mo bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, èébú sì ni gbogbo rẹ̀. Àárò ilé ń sọ mí. Mi ò lè fi ṣàwàdà.

Lẹ́yìn tí a borí ní oṣù kejì, wọ́n pín wa mọ́ Nàìjíríà, pé kí wọ́n wá bá wa níbí ní oṣù kẹsàn-án. Bùrọ̀dá Ràfíù ló pè mí, wọ́n ń hó yèè, pé Bàbá Sìdí ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Bàbá Sìdí. Àwọn ló kọ́ mi ní tẹ́nìsì láti ọmọ ọdún méje, lórí pápá sìmẹ́ńtì kan tó ti sán káàkiri ní Ìsẹ́yìn. Wọn ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná yẹn, wọ́n á sì máa fi rákẹ́ẹ̀tì kàn wá lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan kí á tó dìde. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ kò ní gbá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í dùn lọ́wọ́ agbéraga.

Mo lọ bá ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, mo ní kó dákun yọ mí kúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé mi ò kúkú ní gbá. Òótọ́ ló sọ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nínú eré márùn-ún tí a máa ń fi ọjọ́ méjì gbá, Nàìjíríà ti jẹ méjì, àwa náà ti jẹ méjì, ó ku ẹyọ kan tó máa parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó yẹ kó gbá a ti fi ẹsẹ̀ rọ́, ibà ti dá ìkejì rẹ̀ dùbúlẹ̀, àwọn méjì yòókù sì ti gbá tiwọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo ti múra.

Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní ọmọ Nàìjíríà ṣì ni mí, pé mo ta àwọn. Tí mo bá gbá a tí mo pàdánù, ohun kan náà ni wọ́n á sọ. Tí mo bá sì borí, ẹ̀yin ará ilé lẹ máa sọ ọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò síbi tí mo lè gbà. Mo mú rákẹ́ẹ̀tì mi, mo bọ́ sí pápá.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, Bàbá: nígbà tí eré wọra, inú mi dùn. Mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá gbá. Mo borí ní sẹ́ẹ̀tì kẹta. Mo bọ ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ lórí nẹ́ẹ̀tì, mo bọ adájọ́ lọ́wọ́. Bàbá Sìdí dìde lórí àga wọn, wọ́n ń bọ̀ wá bá mi. Mo dúró ṣánṣán, mo na ọwọ́ sí wọn bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n gbà á. Kí n tó wẹ̀ tán, àwòrán ọwọ́ yẹn ti dé Ìsẹ́yìn.

Bùrọ̀dá ti jíṣẹ́ yín fún mi. Ẹ ní ẹ ò bínú pé mo borí, eré ni eré. Ẹ ní ọwọ́ tí mo nà yẹn ni. Ẹ ní lọ́jọ́ Jímọ̀, ojú tì yín débi pé ẹ ò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Sìdí lórí sàfù ìrun mọ́, ẹ lọ dúró sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé. Ẹ ní ọmọ tó ṣe irú ìyẹn, ọmọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ni, kì í ṣe ọmọ yín.

Mo sọ fún Bùrọ̀dá pé ọ̀gá wa ló kìlọ̀ fún mi, pé kò gbọdọ̀ sí ìdọ̀bálẹ̀ kankan níwájú kámẹ́rà. Mo parọ́. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dì mí mú. Ara mi ni kò rántí. Ọdún mọ́kànlá tí mo fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ti gba ìdọ̀bálẹ̀ lára mi, mi ò sì mọ ìgbà tó lọ. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti rántí, ni mo bá bú sẹ́kún. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé ẹkún ayọ̀ ni, wọ́n ń da omi lé mi lórí, wọ́n ń kọrin orílẹ̀-èdè wọn. Èmi náà mọ orin ọ̀hún látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Ó ṣì ń bà mí.

Mo pe Bàbá Sìdí. Wọ́n ní àwọn ò bá mi jà, kí n lọ bẹ̀ yín, torí ẹ̀yin lọ̀rọ̀ náà dùn jù. Nítorí náà mo fẹ́ wálé. Mo fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Sìdí níṣojú yín, kí àyà mi kan ilẹ̀. Ìsinmi tí mo ní kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kí ìdíje tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà fún físà. Ọmọ Yorùbá ni obìnrin tó dá mi lóhùn. Ó wo orúkọ mi, ó wo ìwé ìrìnnà mi, ó tún wo ojú mi. Ó ní kí n má bínú, pé àjèjì tó bá fẹ́ wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan níbẹ̀ tó máa kọ̀wé pé òun ló pè é, òun ló máa gbà á lálejò.

Fọ́ọ̀mù náà ti wà lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Ràfíù. Wọ́n ti kọ orúkọ yín sí i, wọ́n ti kọ àdúgbò wa. Ó ku ibì kan. Fọ́ọ̀mù náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà mí sílé pé kí ni mo jẹ́ sí i. Bùrọ̀dá fẹ́ bá yín kọ ọ́, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́, Bàbá. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, mo gbà.

Kí Ọlọ́run bá yín tọ́jú iṣu tó wà lóko ọ̀nà Òkèhò. Kó fún Màmá ní àlàáfíà ẹsẹ̀, kó dá yín sí fún wa, kí ojú wa tún rí ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni,
ọmọ yín, tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀,
Múftáù