Ìyá Eku, Ẹni Tó Ṣírò Àwọn Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 1951, ìjì ṣí òrùlé ilé oníyàrá méjì tí káfíńtà kan ń gbé. Abẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni a bí Màmá wa sí. Káfíńtà náà ni bàbá wọn, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní 1957. Ní 1964, bàbá wọn já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Bí ilé-ìwé ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi bá ìyá wọn fọ aṣọ. Bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ti ẹsẹ̀ òsì já, wáyà ni wọ́n fi dì í.

Ní 1968, ilé ìwádìí oògùn kan gba Màmá síṣẹ́ láti máa fọ àgò eku. Ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Alágò ló kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé eku tó lóyún, àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ku ọ̀la kó bímọ. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ló kàn. Ọdún méje ni wọ́n fi lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì fìdí rẹmi nínú kẹ́mísìrì. Níbẹ̀ ni tísà ìṣirò wọn ti dẹnu ìfẹ́ kọ wọ́n, ìgbéyàwó sì wáyé ní 1976. Bàbá wa a máa sọ fún àlejò pé, “Ìyàwó mi ti ní ọkọ kó tó fẹ́ mi. Eku ni.”

Lẹ́yìn yunifásítì, ní 1984, Màmá gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa bí oògùn àti kẹ́míkà ṣe ń ba oyún àti ọmọ inú jẹ́, ilé ìwádìí náà sì fi wọ́n ṣe olórí ẹ̀ka yẹn. Ìyá Eku ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè wọ́n, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987 kò yẹ kí ìdílé fi pamọ́. Wọ́n gbé oògùn kan wá fún àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fún aboyún tí èébì ń dà láàmú. Màmá fún ogún eku olóyún ní oògùn náà, wọ́n ka ọmọ tí àwọn eku bí, ara gbogbo wọn dá ṣáṣá. Màmá fọwọ́ sí ìwé pé kò léwu. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí oògùn tuntun jókòó lé e lórí, Bàbá Alágò dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dókítà, aago mélòó lẹ ń wọlé báyìí?”

“Mẹ́jọ, Bàbá.”

“Ẹ kú ìgbádùn. Aago márùn-ún leku ti bímọ. Ọmọ tí kò bá pé, ìyá rẹ̀ á ti jẹ ẹ́ kí ẹ tó wẹ̀ tán. Èyí tó ṣẹ́ kù fún yín lẹ kà.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?”

“Ẹ ò bi mí.”

Màmá mọ èyí dáadáa nígbà tí wọ́n ń fọ àgò. Ipò ló jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n yẹ ilé ọmọ àwọn ìyá eku wò, nítorí ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti so mọ́ ìyá rẹ̀ máa ń ní àpá. Àpá 241 ni wọ́n kà. Ọmọ 183 ló wà nínú ìwé.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà ní, “Ìwọ lo buwọ́ lù ú. Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ tú ilé ara rẹ ni?”

“Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣì í kà. Bí mo bá dákẹ́, àwọn aboyún ló máa ka ìyókù.”

Màmá lọ síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n sì fúnra wọn gba ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí padà. A gba ipò lọ́wọ́ wọn, a sì fún wọn ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí kò ní fèrèsé. Ọdún méjì ni wọ́n fi tún iṣẹ́ náà ṣe níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ kan ṣáájú ìbímọ ni wọ́n ń la inú eku. Nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ni àjà ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Oògùn náà kò dé ọjà.

Ní 1992, a dá wọn padà sí ipò olórí, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2016. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ wọn tí kò fi oṣù kan fọ àgò, ohun yòówù kó kà. Ẹni tó bá fajú ro, wọ́n á ní, “Ilẹ̀kùn nìyẹn, ọmọ mi, kò tì.”

Àdúrà òwúrọ̀ kò yẹ̀ lẹ́nu wọn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn aláboyún, wọn a sì ní, “Kí lẹ gbé mì lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ kó ìgò rẹ̀ jáde. Mi ò ní bá yín jà, ẹ kàn jẹ́ n rí i.”

Màmá fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 2024. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àbúrò méjì, àti ọgọ́rin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti di dókítà sáyé lọ.

Màmá, ẹ sinmi. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, kí Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà yín.

Ìwé tí wọ́n ń kọ lórí oògùn ẹ̀fọn àti ọmọ inú dúró sí ojú ewé kejìlélógún. Kò ní parí.