Alùpùpù Tó Mú Bàbá Rẹ Jáde Nílé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun dáadáa, àbí tíì àti búrẹ́dì náà ni o ṣì fi ń tan ikùn jẹ? Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò hù níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń wá ìṣubú rẹ, kó máa wá a lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú u. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, orúnkún mi sì ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí.

Mo mọ̀ pé aránṣọ ìsàlẹ̀ ọ̀nà ti pè ọ́ lórí fóònù, ó ti sọ fún ọ pé òun rí ìyá rẹ lẹ́yìn alùpùpù láàrin àwọn onírùngbọ̀n tó wọ awọ dúdú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu aránṣọ yára ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò fúnra mi.

O mọ bí bàbá rẹ ti rí. Láti ìgbà tó ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ogun ló ti ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tó ń kọjú sí ògiri. Ẹni bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ogun, á ní kí onítọ̀hún fi òun sílẹ̀. Lọ́dún yìí ó wá burú sí i, kò tilẹ̀ jáde sí iwájú ilé mọ́. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ń jókòó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ yóò gan, ọkàn rẹ̀ náà yóò sì gan mọ́ ọn nínú. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí ju bí mo ti ń sọ fún ọ lọ.

Ìgbà náà ni mẹ́káníìkì mú ìròyìn wá pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù ń bọ̀ wá yẹ́ àwọn tó ti jagun sí, pé wọ́n sì ń fi ìrìn náà kówó jọ láti ra ẹsẹ̀ fún àwọn ológun tí kò lẹ́sẹ̀. Mo ní ta ló máa ta ẹsẹ̀ rẹ̀, òun alára yóò sì wá fi kí ni rìn? Ó ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ni. Ó ní wọ́n fẹ́ kí bàbá rẹ bá wọn lọ dé ibi òkúta ìrántí àwọn tó kú sógun, tó wà ní ìlú kejì. Bàbá rẹ ní òun ò lọ, ó tún kọjú sí ògiri.

Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí wọ́n dé, mo rí ohun tí ojú mi ò rí rí. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀ lórí páànù. Ewúrẹ́ sá, adìyẹ sá, díẹ̀ ló kù kí èmi náà sá. Alùpùpù kún ọ̀nà láti ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì títí dé ẹnu ọ̀nà wa, gbogbo rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn tó ń gùn ún ya àwòrán sára, mo sì rò pé wọ́n máa jágbe mọ́ mi, àfi bí wọ́n ṣe ṣí ẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí, tí wọ́n tẹríba, tí wọ́n ní ẹ kú ilé o, ìyá. Olórí wọn tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n béèrè bóyá kí òun bọ́ bàtà kí òun tó wọlé. Búrẹ́dì ló ń yan nídìí iṣẹ́. Àgbà obìnrin kan wà nínú wọn tí orí rẹ̀ funfun, wọ́n ń pè é ní Ìyá Eléyín nítorí pé eyín ló ń yọ fún àwọn èèyàn, tòun ti alùpùpù tó tóbi ju màlúù lọ.

Obìnrin mìíràn tún wà tí mi ò rí. Inú fóònù tí Onírùngbọ̀n so mọ́ ọwọ́ alùpùpù ló wà, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n máa yà sí. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó kàn ní kí n yà sí ọ̀tún. Mo yà sí ọ̀tún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti òwúrọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó fún un lómi.

Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti bàbá rẹ, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n mú alùpùpù kan wá fún un tó ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mirí. Inú bí mi, mo ní bí kò bá lọ, èmi á lọ. Mo gba ẹ́límẹ́ẹ̀tì, mo dé e lórí gèlè, mo jáde, mo gun ẹ̀yìn alùpùpù Ìyá Eléyín. Bí mo ṣe ní kí n dì í mú, mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ ni, ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ rìn débẹ̀ láti wá wo wèrè mi. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún. Ó ní kí wọ́n gbé òun o, òun ò lè jókòó sílé kí àlejò máa gbé ìyàwó òun lọ.

Báyìí la ṣe gbéra. Afẹ́fẹ́ ń gba inú aṣọ mi, igi ń sá lọ sẹ́yìn, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọ ilé ìwé, oníṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ báńkì tòun ti táì lọ́rùn, gbogbo wọn dúró ṣinṣin, wọ́n fọwọ́ lé àyà. Ọkọ tèmi tí mo ń bu omi ìwẹ̀ fún ni wọ́n dúró fún bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi nínú ẹ́límẹ́ẹ̀tì, mi ò sì rọ́nà nù ún.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n ní iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onírùngbọ̀n, àyè alùpùpù kan ṣófo. Mo ní àwọn ọmọ wọ̀nyí dára, ẹ̀kọ́ ilé wọn ni kò pé. Àgbà kì í wà lẹ́yìn kí àyè iwájú ṣófo. Nígbà tí a dúró ra epo, tí ẹni tó ń wa bàbá rẹ lọ mumi, mo pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé epo, a ti bàbá rẹ, tàga talùpùpù, bọ́ sínú àyè náà. Mo gbọn ọwọ́ mi pé iṣẹ́ ti parí.

Ìyá Eléyín rọra dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní àwọn ò gbàgbé àyè yẹn o, àwọn ológun tí kò padà wálé ni àwọn fi í sílẹ̀ fún, ẹnikẹ́ni kì í wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ọkọ mi sí àyè àwọn òkú.

Onírùngbọ̀n wá láti tì í jáde, kò bínú rárá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó dúró díẹ̀. Ó ní òun mọ ẹni tó ni àyè náà. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín ni àwọn ń pè é, ọ̀rẹ́ òun lójú ogun ló gbé òun pọ̀n kúrò nínú iná lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ òun lọ, tó sọ òun sílẹ̀ lábẹ́ igi, tó padà lọ gbé ẹlòmíràn, tí kò sì dé mọ́. Ọmọ mi, kí n tó lóyún rẹ ni mo ti wà nílé bàbá rẹ, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó wá ní kí wọ́n gbé òun kúrò, nítorí àyè Ẹlẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé òun jìnnà.

Wọ́n sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ àyè náà. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ń wo orí bàbá rẹ, ó yí i sí àyè tó ṣófo náà, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sinmi títí a fi dé ibi òkúta. Mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní òun ń ròyìn ilé fún un ni. Ó ní òun sọ fún un pé òun gbé ìyàwó, pé ìyàwó náà lágídí, pé òun bímọ, ọmọ náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá.

Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé ló ń jókòó sí. Àwọn tó ń kọjá ń kí i, ó sì ń dáhùn.

Bí agbára rẹ bá ká a, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹ́límẹ́ẹ̀tì tó gba gèlè, nítorí èyí tí wọ́n yá mi há mọ́ mi lórí, kó sì ku díẹ̀ fún àwọn tó ń wá ẹsẹ̀. Má fi sínú fóònù o. Nílé epo yẹn, mo rí ẹnìkan tó na fóònù sí àwòrán dúdú-funfun kan, fóònù ké, wọ́n ní owó ti wọlé. Mo wo abẹ́ tábìlì, mi ò rí nǹkan kan tó já bọ́. Fi rán ẹni tó lọ́wọ́ méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bàbá rẹ ní òun ti sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé o ń bọ̀ wálé lọ́dún tó ń bọ̀, pé ìwọ ni wàá wa òun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè rí ọ. Mo ní kò tíì bi ọ́ léèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun, òun ò sì lè padà lọ sọ fún ẹni tó kú kí òun lè bímọ pé ọmọ náà ò ráyè.

Nítorí náà lọ kọ́ alùpùpù, ọmọ mi, ṣùgbọ́n rọra kọ́ ọ. Kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ gbé ọ wá bá wa láàyè.

Èmi ni, ìyá rẹ.