Ẹyẹ Tó Ní Kí Bàbá Rẹ Máa Lọ

Ojúlé Kẹrìnlá, Àdúgbò Lótò,
Mowé.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Sí Qudrah Àjíbíkẹ́, ọmọ mi,

Àsàláàmù aláíkúmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá níbẹ̀, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi wọ yàrá wa ní òjò tó kọjá kò ní jẹ́ kí ìlú àjèjì gbé ọ mì. Àwa náà wà, àlùhámúdùlílàhì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó jẹ́ "èmi" nìkan ni ǹ bá máa kọ.

Mo rí i pé o ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Kì í ṣe pé mo ń bínú sí ọ. Fóònù tí o rà fún mi nígbà Iléyá ló kọ ọ́ sójú pé òun ti kún, pé kò sí àyè mọ́. Mo wá rò ó pé bí mo bá tún gbé ìpè tìrẹ lé e, ó lè bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Hanifah, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì tó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé, ń padà sí Àbújá lọ́la, òun ni yóò mú un bọ̀. Ohun tó sì kún fóònù náà, ẹyẹ ni. Fara balẹ̀ kà á.

Ibà ṣe bàbá rẹ lóṣù tó kọjá, a kò sọ fún ọ. Ibà náà lọ, àmọ́ ó kó gbogbo agbára wọn lọ. Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ni ẹyẹ kan bá ké lẹ́yìn fèrèsé. Ó ké lọ́jọ́ kejì, ó ké lọ́jọ́ kẹta. Bàbá rẹ pè mí, wọ́n ní kowéè ni, pé kowéè kì í ké lásán, àwọn ló wá pè. Mo ní ẹyẹ pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa, ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀ kún fún ẹ̀gà, ta ló mọ èyí tó ń ké. Wọ́n ní àwọn ti mọ ohùn kowéè láti kékeré. Mo ní ṣé wọ́n ti fojú rí kowéè rí. Wọ́n ní ẹni tó bá rí i kì í padà wá ròyìn.

Wọ́n ní Jímọ̀ ni ẹyẹ náà dá fún àwọn, láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹun mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí wọ́n máa lò láràárọ̀, wọ́n ní kí ni ẹni tó ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ fẹ́ fi oògùn ṣe, kí n fi pamọ́ fún ẹlòmíì. Wọ́n gbé ọ̀kadà wọn fún Mùsáfírù àbúrò wọn ní Ìbafò. Wọ́n ní kí n tètè máa wá aṣọ opó. Mo ní ẹ̀wà ni mo ń sè lọ́wọ́. Jímọ̀ dé, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ jalàbíà funfun, wọ́n nà gbalaja títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ẹyẹ náà kò kúkú sọ Jímọ̀ èwo ní pàtó.

Mo ránṣẹ́ pe Alfa Àbúbákr. Alfa jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ọjọ́ ikú, pé ẹyẹ kò mọ nǹkan kan, pé mùsùlùmí kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Bàbá rẹ ní òótọ́ ni Alfa sọ, àwọn gbà, àmọ́ ẹyẹ náà kì í ṣe mùsùlùmí. Alfa wá bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀rù wá bà mí, Àjíbíkẹ́. Ọwọ́ wọn ti rí bí igi ìdáná. Ẹni tó bá ti gbà pé òun ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Ni mo bá rántí nǹkan tí o fi sínú fóònù mi, tí o ní kí n máa fi mọ orúkọ àwọn ẹyẹ tó ń jẹ àgbàdo mi. Mo gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé, mo jókòó sáàárín kókò, kí fóònù lè bá mi mọ ẹyẹ tó ń ké.

Wàhálà fóònù yẹn ju ti ẹyẹ lọ. Kó tó ṣiṣẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun mọ ibi tí mo wà. Mo tẹ rárá, kí ló kàn án nípa ibi tí abilékọ wà. Ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo bá rọra sọ fún un pé Lótò ni, pé tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní títì, kó béèrè ilé Bàbá Qudrah. Kò dá mi lóhùn. Hanifah ló wá bá mi tẹ ibi tó yẹ. Ó tún béèrè bí ẹyẹ náà ṣe tóbi tó, mo ní n kò tíì rí i. Ó béèrè ohun tó ń ṣe, ṣé ó ń jẹun nílẹ̀ ni, ṣé ó ń wẹ̀ lódò ni, ṣé orí igi ló wà, àbí ó ń fò. Mo wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń pe ọkọ mi lọ sọ́run, n kò rí i. Irú fọ́ọ̀mù wo nìyẹn, tó béèrè ohun gbogbo tí kò béèrè èyí tó ṣe kókó.

Hanifah ní kí n kàn tẹ ibi tó fi ń gbọ́ ohùn, kí n dákẹ́. Mo kọ́kọ́ ṣe sálámà sí i, torí èèyàn kì í dédé gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò kí. Ó gbọ́ ẹ̀gà, ó kọ orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ wúkọ́ nínú yàrá, Hanifah ka ohun tó kọ, ó ní fóònù ní àdàbà ni. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti fi gbogbo ara gbà á gbọ́ mọ́. Síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀, ẹ̀fọn ń jẹ mí, ọbẹ̀ ń jóná, fóònù ń kó gbogbo ariwo ẹ̀yìnkùlé sínú.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹyẹ náà ké, mo sì rí i. Orí táńkì omi àwọn ará ẹ̀yìn ilé ló bà sí. Kò tó ẹyẹlé rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aṣọ léèsì aláwọ̀ ewé, àyà rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ pọ́n. Fóònù ní Dídíríkì lorúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó. Mo sáré wọlé, mo ní Bàbá Qudrah, ẹ dìde, ẹyẹ tó ń jẹ́ Dídíríkì kò lè wá pe ẹni tó ń jẹ́ Ìyàndá. Wọ́n ní orúkọ inú sàtífíkéètì rẹ̀ nìyẹn, kowéè ni wọ́n ń pè é nílé.

Inú bí mi. Mo fà wọ́n dìde, mo fi ògiri ti ẹ̀gbẹ́ wọn kejì, mo mú wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti jáde gbẹ̀yìn. Mo fi ohun tí èmi fúnra mi ti ń wò láti àárọ̀ hàn wọ́n. Nínú ọ̀kan lára ilé ẹ̀gà tó so rọ̀ lára ọ̀pẹ, ọmọ ẹyẹ kan yọ orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ẹ̀gà tó ń bọ́ ọ lọ, àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ẹ̀gà, ó la ẹnu pupa sílẹ̀, kò pa á dé. Ẹ̀gà kékeré yẹn ń lọ, ó ń bọ̀, kòkòrò wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí àyè mí.

Bàbá rẹ wò ó títí. Wọ́n ní ọmọ ta nìyẹn. Mo ní kí wọ́n wo orí táńkì. Wọ́n wo Dídíríkì, wọ́n tún wo ọmọ náà, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì jọra. Ni ẹyẹ orí táńkì bá tún ké. Wọ́n ní àṣé ṣe ló gbé ọmọ sílé onílé, tó wá jókòó sókè tó ń pariwo béèrè bóyá wọ́n ti fún un lóúnjẹ. Mo ní bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn. Wọ́n ní èyí kì í ṣe ìránṣẹ́ ikú, bàbá tí kò níláárí lásán ni. Wọ́n ní kí n gbé àga wá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n béèrè pé ṣé kò sí ẹ̀kọ nílé ni. Mo wọ kíṣìnì, mo sunkún tán kí n tó pò ó.

Láti ọjọ́ náà wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lo oògùn. Mùsáfírù ti fi ọ̀dà kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ọ̀kadà. Lánàá ló wá láti Ìbafò, ó fajú ro bí ẹni tó wá kí aláìsàn, ló bá bá bàbá rẹ lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lójú fèrèsé, kò dúró mu omi.

Àmọ́ wàhálà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹyẹ tó máa kọjá tí wọn kò ní bá fóònù jiyàn lé lórí. Tó bá dárúkọ ọ̀kan, wọ́n á ní irọ́ ni, àwọn mọ ìyá ẹyẹ náà. Wọn kì í jẹ́ kí n fọ abọ́ mọ́, wọ́n ní mò ń lé ẹyẹ. Ó ti sú mi. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dátà wọn, kí o sì fi tèmi lọ́tọ̀ kí n ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, torí ẹ̀yìnkùlé ni a kúkú ń gbé báyìí.

Bàbá rẹ kò fẹ́ kí o gbọ́ rárá pé wọ́n ṣàìsàn. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni pé àlàáfíà la wà, pé ẹyẹ pọ̀ nílé, kó parí síbẹ̀. Nítorí náà, tí o bá pè wọ́n sórí fóònù tiwọn, má béèrè ara wọn. Ẹyẹ ni kí o béèrè, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, á dá wa sí fún ọ. Ibi tí o bá kọrí sí, ire ni yóò máa pàdé rẹ. Oore tí o ń ṣe fún wa, ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ níṣojú ẹ̀mí rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù.