Má Jẹ́ Kí Wọ́n Ti Ohùn Mi Mọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun bó ṣe yẹ, ṣé onílé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Olúwa tó mú ọ jáde nílé wa kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́nà. Àwa náà ń dúpẹ́, àmọ́ àyà mi ń já, ọmọ mi, àyà mi ń já gidigidi.

Lẹ́tà rẹ ló fà á. O ní ètò tẹ́ ẹ fi ń gba orin sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nílé, oríṣi mẹ́ta ni: ọ̀kan ọ̀fẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ọ̀kan ń gbowó lóṣooṣù, ọ̀kan sì wà téèyàn máa rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lówó gọbọi. O ní inú ọ̀fẹ́ yẹn ni orin tí mo kọ fún ọ nígbà tó o wá kí wa wà, pé tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, kò ní ṣí mọ́ àfi téèyàn bá sanwó. Ìwọ lo gbé ẹ̀rọ sí mi lẹ́nu, o ní kí n sún mọ́ ọn kí ohùn mi lè wọlé dáadáa. Ó kúkú wọlé, kò jáde mọ́! Ọjọ́ kẹta tó o lọ ni ohùn mi ti há. Nọ́ọ̀sì ní ikọ́ ni, mo lo oògùn rẹ̀ tán, mi ò sì bá a jiyàn, torí kò mọ ibi tí ohùn mi wà. Mo wo kàlẹ́ńdà, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

O béèrè èwo nínú wọn ló tó owó rẹ̀. Ṣé o rántí ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo kọ́kọ́ yá? Oṣù kan péré ni mi ò rówó san, ẹlẹ́rọ gbé e lọ tòun ti búláùsì oníbàárà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá kan rírán, apá kan àìrán, ó ní ohun tó bá wà lórí ẹ̀rọ òun, tòun ni. Èyí tí mo wá rà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, àmọ́ òun nìyí ní yàrá iwájú, kò sẹ́ni tó lè wá gbé e. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọ̀fẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ta ló ń fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́?

O mọ̀ pé bàbá rẹ kò ríran mọ́, ohùn mi ni wọ́n fi ń mọ̀nà nínú ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, ohùn ò jáde, wọ́n fi ojúgun gbá àga. Lánàá mo dúró tì wọ́n, mo ní oúnjẹ ti délẹ̀, wọ́n nawọ́ síwájú, wọ́n béèrè pé ta nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ sunkún sí.

Torí náà, owó òrùlé tó ń jò tí mo fẹ́ tọrọ, mo ti fà á sẹ́yìn. Ra èyí tí wọ́n ń rà lẹ́ẹ̀kan. Tí owó kò bá pé, kọ̀wé sí mi, màá ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Kìkì owó fóònù díẹ̀ ni kó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, kó lè lágbára gba orin. Tó o bá ti ṣí i, pè wọ́n, kó o jẹ́ kí orin náà máa lọ. Màá dúró níwájú wọn, màá di ọwọ́ wọn mú, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni.

Ohùn tìrẹ kò ní há, ilẹ̀kùn ò ní tì mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Èmi náà ni,
Ìyá rẹ.